Àmì Tí Mo Fi Sára Ọkọ̀ Òfurufú Bàbá

"Olùkọ́, ṣé èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni kí ni, Bàbá?"

"Ṣé o kò mọ ohun tí mò ń bi ọ́ ni?"

"Ṣé ẹ ti lo oògùn ọ̀sán yín?"

"Ṣé oògùn ni mo bi ọ́?"

"Ṣé kí n ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn lè wọlé?"

"Kí ló dé tí o fi ń fi ìbéèrè dá ìbéèrè lóhùn, ìwọ tí o fi ọjọ́ ayé rẹ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìbéèrè ń fẹ́ ìdáhùn?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n bu omi fún yín?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wa ṣe máa ń lọ, èmi àti Bàbá, nígbàkígbà tí mo bá lọ kí wọn láti ìgbà tí àwòṣe ọkọ̀ òfurufú wọn ti fọ́. Bàbá á béèrè, èmi á fi ìbéèrè mìíràn ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń dáhùn báyẹn ti jẹ́wọ́ tán, ṣùgbọ́n mo ń gbàdúrà kí Bàbá má mọ̀ ọ́n. Ó tó gẹ́ẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde lónìí, nítorí lọ́la ni ọkọ̀ yóò wá gbé Bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí a ó sì ti ilẹ̀kùn ilé wọn pa. Bí wọ́n bá sì lọ, irọ́ mi ló gbé wọn lọ. Mo pè é ní irọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un wọ̀n wò, nítorí iṣẹ́ mi ni láti máa wọn ọ̀rọ̀: gbólóhùn tí mo sọ lọ́jọ́ náà tọ̀nà, kò sí olùkọ́ kan tí yóò fi bírò pupa fa ìlà sí i lábẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn.

Olùkọ́ gírámà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ mi sì tú ká sí ilé ọkọ àti ibi iṣẹ́, ilé dákẹ́ mọ́ mi lórí. Oníṣègùn eyín tó ń tọ́jú mi ló kọ́kọ́ pè mí sí ẹgbẹ́. Ó ń dí ihò eyín mi lọ́wọ́, ẹnu mi là sílẹ̀ gbàgà, n kò lè fọhùn, ló bá ní, "Màmá, mo rí bí ẹ ṣe ń wo ọkọ̀ òfurufú tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni? Ẹ kàn mi orí." Mo mi orí. Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ wa kò tóbi. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìtọ́jú eyín náà la ti máa ń pàdé, ní ọjọ́ tí kò bá sí aláìsàn. Iṣẹ́ wa ni kí a máa to àwòṣe ọkọ̀ òfurufú ológun. Ike ni gbogbo rẹ̀, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, tí a ó fi abẹ gé, tí a ó fi sáńpépà dán, tí a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí a ó sì kùn ní ọ̀dà títí yóò fi jọ èyí tó fò lójú ọ̀run rí. Lọ́dọọdún a máa ń mú kókó kan tí gbogbo wa yóò jọ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọdún kan, a mú àwọn ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ọdún mìíràn, àwọn tó ń bà sórí omi. Ẹnìkọ̀ọ̀kan á to ọkọ̀ tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wà ní ìwọ̀n kan náà kí ọ̀kan má baà dà bí ọmọ èkejì, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ sórí pákó kan fún àfihàn. A kì í tan fáànù níbẹ̀, kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ooru á mú wa, òórùn gọ́ọ̀mù á kún imú, Télọ̀, tó kéré jù nínú wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní ọmọ nílé, á sì máa ní, "Ẹ̀yin àgbà, bí ìyàwó mi bá bi mí ìdí tí mo fi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wálé, ẹ bá mi sọ fún un pé gọ́ọ̀mù ni o."

Tèmi ni létà àti nọ́ńbà. Ọkọ̀ yòówù kí ẹnikẹ́ni to, èmi ni yóò kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà sí i lára, nítorí ọwọ́ mi kì í yẹ̀. Ìyá Àmì-Ohùn ni Télọ̀ sọ mí, láti ọjọ́ tí mo fi bírò fi àmì sí orúkọ ẹgbẹ́ wa lára ilẹ̀kùn. Ó ní bí mo bá kú, kí a rántí fi àmì sí ohun tí a bá kọ sórí sàréè mi, kí n má baà jí dìde wá fi sí i fúnra mi. Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Ẹ̀rín kọ́ ló yẹ kí n rín.

Bàbá nìkan ló dàgbà jù mí lọ nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn yòókù, "ó" ni mò ń lò fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Oníṣègùn, ó. Télọ̀, ó. Bàbá nìkan ni mò ń pè ní "wọ́n". Nínú ohun tí mò ń kọ yìí pàápàá, ibikíbi tí ẹ bá ti rí "wọ́n", Bàbá ni, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ọmọ ogun òfurufú ni Bàbá nígbà èwe wọn. Atọ́nà ni wọ́n: awakọ̀ á jókòó níwájú, wọ́n á jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ lórí orúnkún, wọ́n á sì máa sọ fún un ibi tí yóò yà sí. Ariwo ẹ́ńjìnì ti di etí wọn díẹ̀, ọjọ́ orí sì ti jẹ́ kí ọwọ́ wọn máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà bá ti mú ẹ̀mú kékeré tí a fi ń he àwọn ike wẹ́wẹ́, á dúró ṣinṣin. Ọmọbìnrin wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò gbà. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún wọn pé, "Bàbá mi, ọjọ́ tí ọwọ́ yìí bá ba nǹkan jẹ́, ẹ ó kó abẹ àti gọ́ọ̀mù fún mi o. Àdéhùn nìyẹn." Bàbá ní, "Ọjọ́ tó bá bà á jẹ́, o kò ní béèrè rárá, èmi fúnra mi ni n ó kó o fún ọ. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?" Ó ní, "Kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́."

Bàbá ló mú kókó ọdún náà wá. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí a to àwọn tó padà sílé."

Oníṣègùn bi wọ́n pé, "Padà láti ibo, Bàbá?"

"Láti ibikíbi. Ọkọ̀ tí ìbọn ti lu, tí ó ṣì gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ dé ilẹ̀. Gbogbo ayé ló ń to èyí tó pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí àwa to èyí tó kó ènìyàn wálé."

Tiwọn ni yóò wà láàárín pákó: ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì méjì tí àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn jọ ń fò. Ọ̀rẹ́ náà ni awakọ̀. Ìbọn bà á lójú ọ̀run, kò sì sọ fún Bàbá. Ó gbé wọn bà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó pa ẹ́ńjìnì méjèèjì, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí yìn ín, kò dáhùn mọ́. Lábẹ́ fèrèsé ibi tó máa ń jókòó sí, ó ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ tó sọ ọkọ̀ náà: OKO IYAWO. Báyìí ló ṣe kọ ọ́, láìsí àmì lórí, láìsí àmì lábẹ́.

Nígbà tó kàn mí láti kọ ọ́ sára àwòṣe, mo ní, "Bàbá, èwo nínú rẹ̀? Ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ̀ ìyàwó?"

"Kọ ọ́ bó ṣe wà."

"Bó ṣe wà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀, Bàbá. Létà lásán ni."

Télọ̀ já sí i: "Ó lè jẹ́ oko ìyàwó. Ṣé ẹ mọ̀ bóyá ìyàwó ní ilẹ̀ ní abúlé ni?"

Oníṣègùn ní, "Tàbí ọkọ́ ìyàwó, kí ó lè gbé e dání lọ síbẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi ń múra ìgbéyàwó nígbà yẹn. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á ní òun ni ọkọ. Bí a bá fẹ́ gbéra, á ní ọkọ̀ tí yóò gbé òun lọ bá a ni. Mo ní kí ó mú ọ̀kan. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé ọjọ́ tí òun bá gbé ìyàwó wọlé ni òun yóò fi àmì sí i. Olùkọ́, kò fi àmì sí i. Ìwọ náà, má fi sí i."

Mo kọ ọ́ láìsí àmì. Mo kọ ọ́ tán, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, gbogbo ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà n kò ní ìsinmi mọ́. Bí mo bá ń dáná, mo ń rí O tí kò ní nǹkan lábẹ́. Bí ọmọ mi bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìka mi á máa fi àmì sórí tábìlì. Àfihàn kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn àjèjì yóò wá, ẹnìkan yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà, yóò sì ní, "Ta ló kọ eléyìí? Ṣé kò lọ sílé ẹ̀kọ́ ni?" Ẹ wo ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè. Ọkùnrin kan kú kí ó tó gbéyàwó, èmi ń ṣàníyàn kí ẹni tí n kò mọ̀ rí má baà pè mí ní púrúǹtù.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, Oníṣègùn àti Télọ̀ lọ gbé pákó ńlá náà wá lọ́dọ̀ káfíńtà. Àga eyín àtijọ́ kan wà nínú yàrá, tí Oníṣègùn kò lò mọ́, tó máa ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ibùsùn. Orí rẹ̀ ni Bàbá sùn lé, lẹ́bàá fèrèsé, apá wọn kan rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kí wọ́n tó dijú, wọ́n ní, "Olùkọ́, bá mi fojú sí ọkọ̀ mi o. Ọ̀dà ìdí rẹ̀ kò tíì gbẹ." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá." Ẹ gbọ́ mi bí? Ẹ fọkàn balẹ̀.

Oorun gbé wọn lọ. Mo jókòó. Mo dìde. Mo tún jókòó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí bá ara mi ro ó bí ẹni ń kọ́ kíláàsì: bó jẹ́ ọkọ ni, àmì wà lábẹ́ O méjì tó ṣáájú, bó jẹ́ ọkọ̀ ni, àmì wà níbẹ̀ náà. Nítorí náà, bí mo bá fi àmì sábẹ́ nìkan, tí n kò fi ohunkóhun sórí, n kò tíì yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Oko nìkan ni mo yọ kúrò, kò sì sí ẹni tó sọ pé oko ni. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí. Mo pè é ní àtúnṣe tí kò yí ìtumọ̀ padà. Ohun tí Bàbá sọ ni pé kí n má fi àmì sí i. Èmi ń jiyàn lórí irú àmì.

Mo gbé ọkọ̀ náà lọ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, lẹ́bàá àga Bàbá. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù bọ inú ọ̀dà funfun. Mo fi àmì sábẹ́ O àkọ́kọ́. Ó rí rogodo, ó dúró síbi tó yẹ, ọkàn mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ń lọ sí èkejì ni Bàbá wúkọ́ lójú oorun.

Ọkọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò dún púpọ̀. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìṣáná. Apá rẹ̀ kan fò wọ abẹ́ àga, abẹ̀bẹ̀ iwájú kán, gíláàsì ibi ìjókòó awakọ̀ ṣí kúrò. Bàbá kò gbọ́, wọn kò sì jí. Ọkọ̀ náà wà nílẹ̀, gẹ́lẹ́ ní ìsàlẹ̀ ọwọ́ wọn tó rọ̀ sílẹ̀, àfi bí ẹni pé ọwọ́ náà ló jù ú nù. Mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ti rí i kí n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan lẹ́nu ọ̀nà, èyí ni kò jẹ́ kí n lè sọ pé ìpayà ló mú mi. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ àpò aṣọ mi, ọ̀dà sì kùn ún. Aṣọ náà ṣì wà nílé. N kò lè wọ̀ ọ́, n kò sì lè fi í tọrẹ.

Télọ̀ ló fẹ̀yìn wọlé, ó di orí pákó mú, ó ń pariwo, "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò! Pápákọ̀ òfurufú ń bọ̀!" Ó yíjú, ó rí ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì pa mọ́. Oníṣègùn gbé apá tirẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Áà! Ìyá Àmì-Ohùn, ta ló gbé e ṣubú?" Télọ̀ ló béèrè.

Mo ní, "Wọ́n ti gbé e ṣubú."

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún yín, bí mo ṣe máa ń tú gbólóhùn palẹ̀ lójú pátákó. Nínú èdè wa, "wọ́n" lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀, tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ, bí ìgbà tí a bá bá àgádágodo nílẹ̀, tí a ní "wọ́n ti já ilẹ̀kùn". Ó sì lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo tí a ń bu ọlá fún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lọ́jọ́ ìdájọ́, mo lè ní ìlò kejì ni mo lò: ẹnìkan gbé e ṣubú, n kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé nínú yàrá yẹn, lẹ́nu èmi, ènìyàn kan ṣoṣo ló ń jẹ́ "wọ́n". Bó jẹ́ Télọ̀ ló fọ́ ọ, mo máa ní "ó ti gbé e ṣubú". Oníṣègùn kò béèrè ẹni tí mò ń sọ. Ó wo ọwọ́ Bàbá, ó sì mi orí díẹ̀díẹ̀. Arọ́pò-orúkọ kékeré kan ni mo fi ti àgbàlagbà tó ń sùn, mo sì tún fi ọ̀wọ̀ tì í.

Ariwo ló jí wọn. Wọ́n wo ojú wa. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n wá gbé ọwọ́ náà sókè, wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Èmi ni mo ṣe èyí?"

Oníṣègùn ní, "Ẹ má fi ṣèyọnu rárá, Bàbá. A ó tún un ṣe."

Télọ̀ ní, "Oorun ni, Bàbá. Èmi náà máa ń ta ìpá lójú oorun, ẹ bi ìyàwó mi wò, egungun ìhà rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n."

Èmi bẹ̀rẹ̀ sí ṣa àwọn ike tó fọ́ nílẹ̀. Nígbà tí ọmọ Bàbá wá mú wọn lọ sílé, wọ́n ti kó abẹ, ẹ̀mú àti gọ́ọ̀mù wọn sínú àpò rọ́bà. Wọ́n nà án sí i. Ó gbà á, ó sì sunkún nínú mọ́tò, Bàbá ló ń pàrọwà fún un.

Oníṣègùn ló tún ọkọ̀ náà tò. Awò tó fi ń wo inú eyín ló fi sójú. Ọjọ́ kan tí àwa méjì nìkan wà níbẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Màmá, àmì kan wà lábẹ́ O yìí."

"Eruku ni."

"Kì í ṣe eruku, Màmá. Eruku kì í rí rogodo." Ó ṣí awò kúrò lójú. "Ṣé kí n béèrè?"

"Ṣé o fẹ́ da àfihàn rú ni? Bàbá ti gbà á mọ́ra. Kí lo fẹ́ fà á jáde fún?"

Ó dá awò padà sójú. Ó ní, "Ó dáa, n kò rí nǹkan kan." Ó ti mọ̀ pé mò ń kọ èyí, òun náà ní kí n kọ ipa tòun, kí n má fi "ẹnìkan" bò ó. Kò fi ọ̀dà pa àmì náà rẹ́, èmi náà kò sì lè pa á rẹ́. Mo gbìyànjú. Mo mú ọ̀dà tó jọ ara ọkọ̀ náà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ mi kò sì lọ, nítorí àmì náà tọ̀nà. Ẹ rí irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ọjọ́ àfihàn, àwọn ènìyàn yí pákó ká, Télọ̀ ń ṣe àlàyé bí ẹni tó fò dé òṣùpá. Bàbá mú awò tí wọ́n fi ń kàwé jáde láti lọ kí ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ orúkọ náà. Wọn kò tètè nàró. Nígbà tí wọ́n nàró, wọ́n wá mi rí, wọ́n fà mí sẹ́bàá ògiri.

"Olùkọ́, nígbà tí o kọ orúkọ yẹn, ṣé o fi àmì sí i?"

"Nígbà tí mo kọ ọ́, Bàbá, n kò fi àmì kankan sí i. Gbogbo wa la jọ wò ó." Òótọ́ ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé òótọ́ náà ni.

"Àmì wà níbẹ̀ báyìí. Ta ló fi sí i?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Kò sí ohun tó dí mi lẹ́nu. Bàbá ń wo ẹnu mi nítorí etí wọn, wọ́n ń retí. Mo ní, "Bóyá ẹ gbàgbé ni, Bàbá."

Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ tó fọ́, a lè fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo rí nǹkan tó kúrò lójú Bàbá lọ́jọ́ náà, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Bí ọwọ́ mi bá gbé e ṣubú, kò burú, ọwọ́ arúgbó ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi àmì sí orúkọ tí ọ̀rẹ́ mi kọ, ohun tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe, tí n kò sì rántí pé mo ṣe é, a jẹ́ pé orí mi kò sí nílé mọ́, Olùkọ́." Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." N kò ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà náà, Bàbá kò gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn mọ́. Wọn kò gbé omi kaná fúnra wọn. Wọ́n ní ẹni tó lè fi àmì sí nǹkan kí ó sì gbàgbé lè gbàgbé iná. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ìta fún aládùúgbò, kí wọ́n má baà jáde kí wọ́n sì ṣìnà, àwọn tó jẹ́ atọ́nà. Ìbéèrè kan ló kù lẹ́nu wọn, èmi nìkan ni wọ́n sì ń bi í, nítorí wọ́n gbà pé èmi kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ: "Olùkọ́, ṣé èmi ni?" Àná ni ọmọ wọn wá bá mi nílé, kò jókòó. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́, Bàbá ti gbà láti lọ. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n wá ibì kan fún àwọn. Wọ́n ní orí àwọn ti ń lọ, pé àwọn ní ẹ̀rí." Mo bi í pé ẹ̀rí wo. Ó ní, "Wọ́n ní àmì kan ni. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?" Mo ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ dáradára, èmi tí mo kọ́ irú yín ni mo ń bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kí ó tó yín pé gbólóhùn yín kò ní àṣìṣe. Ẹ wo ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀. Oníṣègùn, Télọ̀, ẹ foríjì mí. Ọmọ Bàbá, n kò mọ irú ẹnu tí n ó fi bẹ̀ ọ́. Àpò rọ́bà yẹn, tèmi ló yẹ kí o gbà.

Mo lọ lọ́sàn-án òní. Àpótí aṣọ Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, a ti fi okùn dè é. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn tí a ti ká aṣọ rẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí itan, wọ́n fi táwẹ̀lì wé e bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo wà ní ìdúró. Mo gbọ́ tí ọmọ wọn ń to abọ́ sínú páálí ní ilé ìdáná. Bàbá ṣí etí táwẹ̀lì náà, wọ́n fi ìka kan orúkọ tí ọ̀rẹ́ wọn sọ ọkọ̀ náà, wọn kò tilẹ̀ wo ojú mi mọ́ nígbà tí wọ́n béèrè.

"Olùkọ́, ṣé èmi ni?"

"Ṣé kí n..." Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Omi wà nínú ife. Kò sí ohun tó kù tí mo lè béèrè. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, kí wọ́n lè rí ẹnu mi, mo sì sọ ọ́ ketekete, kí ọmọ wọn náà lè gbọ́ ọ láti ilé ìdáná:

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́. Èmi ni mo fi àmì náà sí i. Èmi ni mo gbé e ṣubú. 'Wọ́n' tí mo wí lọ́jọ́ náà, èmi ni."